Kì í ṣe pupa nìkan ló pọ́n: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà mọ̀ nípa àwọ̀ tòmáàtì wẹ́wẹ́

Bí oníbàárà bá dúró nídìí àtẹ tòmáàtì ní ọjà Ìkàrẹ́ tàbí ti Ọ̀kà Àkókó, ìbéèrè tó sábà máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á ni pé, "Ṣé ó pọ́n dáadáa?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, pọ́n, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́nu Yorùbá. Ó ń sọ pé èso ti tó jẹ, ó sì tún ń sọ pé àwọ̀ rẹ̀ ti pupa. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí àgbẹ̀ kan bá gbé tòmáàtì tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ìyeyè síta, àwọn tó ń kọjá á ní kò tíì pọ́n, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ẹni kan náà tó kọjá lọ yìí á dé ìdí ọlọ́gẹ̀dẹ̀, á ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó yẹ́lò, kò sì ní jiyàn pé kò pọ́n.

Èdè ló fa àṣìṣe yìí, ṣùgbọ́n àpò oníṣòwò ló ń san owó rẹ̀. Tòmáàtì wẹ́wẹ́, irú èyí tó máa ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé àti létí ààtàn, ti di ọjà gidi ní àwọn ilé ìtajà ńlá, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ní Abuja àti Èkó. Nínú ọ̀rá tàbí ike pélébé ni wọ́n ń tà á, pupa, yẹ́lò, aláwọ̀ ọsàn àti dúdú lè wà pọ̀ nínú ike kan. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò Àkókó tó bá fẹ́ wọ ọjà yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àṣìṣe méjì ló wà níwájú òun. Èkíní ni kó ní gbogbo èyí tí kò pupa kò dára. Èkejì ni kó rí àwòrán tòmáàtì aláràbarà, kó yá owó, kó fi ra irúgbìn nítorí ẹwà nìkan. Yorùbá ní ìwà lẹwà. Ìwà tòmáàtì ni adùn rẹ̀, bí èèpo rẹ̀ ṣe lágbára tó, iye ọjọ́ tó lè lò lórí àtẹ, àti ohun tó máa ṣe nínú ìkòkò. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí oníṣòwò fi wọ́n àwọ̀ kọ̀ọ̀kan.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ FI KAN ÀKÓKÓ

Ọ̀pọ̀ tòmáàtì tí wọ́n ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, òkè Ọya ló ti ń wá. Ojú ọmọ Yorùbá sì ti rí nǹkan lórí èyí. Ní 2016, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta wọ oko tòmáàtì ní Kaduna, Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ míì, ìjọba Kaduna kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ilé iṣẹ́ tòmáàtì Dangote tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kano sì dáwọ́ dúró nítorí kò rí tòmáàtì lọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti òkè Ọya dá ọjà dúró, tí ata àti tòmáàtì sì gbówó lórí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ní 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ fò sókè. Ní 2024, kòkòrò yẹn tún padà wá, apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì sì di ohun tí ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ń wò láti òkèèrè.

Ọ̀nà kan kò wọjà. Àkókó wà létí ààlà ìpínlẹ̀ Kogi, ọ̀nà tó ń lọ sí Abuja kò jìnnà sí i, Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ sì wà lápá kejì. Láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ni Àkùngbá wà, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹun níta. Òkè Màríà ní Ọ̀kà ń fa àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì wá láti ibi gbogbo. Ìnáwó ò sì wọ́n ní Àkókó, ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ayẹyẹ oyè, níbi tí àwọn olóúnjẹ ti ń gbé sàláàdì síwájú àlejò. Oníbàárà wà. Ohun tó kù ni kí oníṣòwò mọ ohun tó ń gbé fún oníbàárà wo.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi pamọ́. Tòmáàtì wẹ́wẹ́ kò lè gba ipò tòmáàtì ọbẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín tòmáàtì Hausa, èyí tó gùn, tí ara rẹ̀ nípọn, tí omi rẹ̀ kò pọ̀, àti tòmáàtì Yorùbá, èyí tó rí pẹlẹbẹ, tó ní ìlà lára, tó kan, tí omi rẹ̀ sì pọ̀. Tòmáàtì wẹ́wẹ́ tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹyọ kan rẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù 10 sí 25 lọ, èèpo àti kóró ló sì pọ̀ nínú rẹ̀ bí wọ́n bá lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbìn ín nítorí àti bá ọlọ́bẹ̀ díje, owó rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣeré. Jíjẹ lásán, sàláàdì àti ọ̀ṣọ́ orí oúnjẹ ni iṣẹ́ tirẹ̀.

IBI TÍ ÀWỌ̀ TI WÁ

Ohun tó ń mú tòmáàtì pupa ni èròjà kan tó ń jẹ́ lycopene. Èyí tó yẹ́lò láti inú irú rẹ̀ wá, ara rẹ̀ kò lè pèsè lycopene yìí dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi ní pupa láéláé, bó ti wù kó pẹ́ tó lórí igi. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ní àwọ̀ ọsàn, carotene ló pọ̀, ìyẹn èròjà tó wà nínú epo pupa àti kárọ́ọ̀tì. Èyí tí wọ́n ń pè ní dúdú kì í ṣe dúdú gan-an. Lycopene wà nínú rẹ̀ bíi ti pupa, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé tó yẹ kó kúrò nígbà tó ń pọ́n kò kúrò tán, bí pupa àti àwọ̀ ewé bá sì pàdé, àwọ̀ rẹ̀ á ṣókùnkùn.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò kà sí. Bí ooru bá ju ìwọ̀n 30 ti Celsius lọ fún ìgbà pípẹ́, tòmáàtì pupa kì í lè pèsè lycopene bó ṣe yẹ, carotene nìkan ni yóò máa pọ̀ sí i. Nítorí náà, ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, tòmáàtì tó yẹ kó pupa lè dà bíi pé aláwọ̀ ọsàn ni. Ti oòrùn yìí kì í dọ́gba lára èso náà. Èjìká rẹ̀, níbi tó ti so mọ́ igi, á yẹ́lò, á sì le, nígbà tí ìdí rẹ̀ á ti pupa. Èyí tó yẹ́lò látinú irú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dọ́gba látòkè délẹ̀, ara rẹ̀ á sì rọ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ra ọjà lóko gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Àbùkù ni ti oòrùn, ó sì yẹ kí iye rẹ̀ wálẹ̀. Ti irú kì í ṣe àbùkù rárá.

ADÙN, ÈÈPO ÀTI ỌJỌ́ ORÍ ÀTẸ

Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń wo adùn èso. Ẹ̀kán omi èso kan ni wọ́n máa ń kán sójú rẹ̀, á sì fi ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Brix hàn. Tòmáàtì ńlá sábà máa ń wà láàárín 4 sí 5. Tòmáàtì wẹ́wẹ́ lè dé 6 títí dé 9. Nínú wọn, Sun Gold, irú aláwọ̀ ọsàn kan tí ilé iṣẹ́ irúgbìn Tokita ní Japan mú jáde, lókìkí fún adùn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, omi á ya wọ inú èso náà ju bí èèpo ṣe lè fẹ̀ lọ, á sì sán. Ẹni tó mọ bí òjò Àkókó ṣe ń dá dúró tó sì tún ń ya dé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn pupa bíi Sweet Million lè má dùn tó o, ṣùgbọ́n ara wọn sábà máa ń gba ìrìn àjò díẹ̀ sí i. Yellow Pear, èyí tó yẹ́lò, a máa so púpọ̀, ojú rẹ̀ sì fani mọ́ra, àmọ́ adùn rẹ̀ kì í múná. Black Cherry, tí í ṣe dúdú, ní adùn tó jinlẹ̀ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rọ̀, oníbàárà tí kò rí irú rẹ̀ rí sì lè rò pé ó ti ń jẹrà.

Ìtàn kan tó gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń tà á ni pé èyí tó yẹ́lò kò ní kíkan, pé ẹni tó ní ọgbẹ́ inú lè jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè dà bíi pé kò kan lẹ́nu nítorí pé ṣúgà inú rẹ̀ bo kíkan náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, kíkan rẹ̀ lè má yàtọ̀ sí ti pupa. Oníṣòwò tó bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí ta ọjà fún aláìsàn, orúkọ òwò rẹ̀ ló ń tà pẹ̀lú rẹ̀.

Ti èròjà aṣaralóore náà rí bákan náà. Nínú àkọsílẹ̀ oúnjẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe, gíráàmù 100 tòmáàtì pupa ní nǹkan bíi mílígíráàmù 14 fítámì C, aláwọ̀ ọsàn ní 16, yẹ́lò ní 9. Aláwọ̀ ọsàn ló ní fítámì A jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pupa ló tẹ̀ lé e, yẹ́lò kò sì ní in tó ohun tí wọ́n ń kà. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa pariwo pé gbogbo aláràbarà ló ń ṣara lóore ju pupa lọ. Lycopene inú pupa pàápàá, ara ènìyàn máa ń gbà á dáadáa bí wọ́n bá sè é pẹ̀lú epo. Ìyẹn ni pé àwọn ìyá Yorùbá tó ń din ata nínú epo kò ṣi iṣẹ́ ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

ÌṢIRÒ TÓ YẸ KÓ ṢÁÁJÚ OWÓ YÍYÁ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó yẹ kí òun gbìn kò gbọ́dọ̀ gbára lé ìwé àti àwòrán nìkan. Kó fi igi 40 bẹ̀rẹ̀, mẹ́wàá mẹ́wàá fún àwọ̀ mẹ́rin, lórí ilẹ̀ kan náà, pẹ̀lú ajílẹ̀ kan náà àti omi kan náà. Kó ní ìwé àkọsílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kó máa kọ sí i fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: kílò tó ká, kílò tó sán tàbí tó jẹrà, àti iye ọjọ́ tí èyí tó kù lò lórí àtẹ kó tó rọ̀.

Bí àpẹẹrẹ, bí pupa bá mú kílò 20 jáde tí 2 sán, kílò 18 ló kù fún títà. Bí aláwọ̀ ọsàn bá mú kílò 22 jáde tí 6 sán, 16 ló kù. Ẹni tó wo ohun tó ká nìkan á ní aláwọ̀ ọsàn ló borí. Ẹni tó wo ohun tó lè tà á ní pupa ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò tíì tán. Bí méjèèjì bá jẹ́ ₦2,000 kílò kan, pupa á mú ₦36,000 wọlé, aláwọ̀ ọsàn á mú ₦32,000. Bí òtẹ́ẹ̀lì kan bá wà tó mọ adùn aláwọ̀ ọsàn, tó sì gbà láti san ₦2,500, aláwọ̀ ọsàn náà á di ₦40,000. Iye yìí kì í ṣe iye ọjà lónìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kò sí àwọ̀ tó dára jù lọ fún gbogbo ènìyàn. Oníbàárà tí wọ́n ti bá ṣàdéhùn kí wọ́n tó gbìn ni yóò sọ àwọ̀ tó lérè. Bí kò bá sí oníbàárà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbin pupa púpọ̀, kí àwọ̀ yòókù sì jẹ́ díẹ̀ láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ inú ike.

Bí wọ́n ṣe ń kó o náà ṣe pàtàkì. Apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n fi ń kó tòmáàtì ọbẹ̀ kò yẹ fún wẹ́wẹ́, nítorí tìsàlẹ̀ á fọ́ kó tó dé Ọ̀wọ̀. Páálí tàbí ike tí kò jìn ló yẹ ẹ́. Ní àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ni kíká rẹ̀ dára jù, ó sì yẹ kí wọ́n máa ká a ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta síra. Ibi tó tutù tó sì ní atẹ́gùn ni kí wọ́n kó o sí, kì í ṣe inú fìríìjì. Bí òtútù bá ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 12 lọ fún ọjọ́ mélòó kan, adùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára rẹ̀.

IRÚGBÌN ÀTI ÌRÀNLỌ́WỌ́

Kí oníṣòwò tó sanwó irúgbìn, kó béèrè bóyá àdàlù ìran àkọ́kọ́, tí wọ́n ń kọ F1 sára rẹ̀, ni àbí irú tó dúró. F1 ni Sun Gold. Bí àgbẹ̀ bá tọ́jú kóró rẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, ohun tó máa hù kò ní jọ ìyá rẹ̀, ìyẹn ni pé ọdọọdún ni yóò máa ra irúgbìn. Yellow Pear àti Black Cherry kò rí bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ lè tọ́jú kóró tiwọn. Ìnáwó ọdọọdún yìí gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò.

Àwọ̀ kan tún wà tí ariwo rẹ̀ ń ta lágbàáyé, èyí tó dà bíi àwọ̀ èsè àlùkò. Oríṣi méjì ni, wọn kò sì gbọ́dọ̀ da ara wọn pọ̀. Indigo Rose, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà mú jáde ní 2012, ìtọ́jú irú nípa ìbísí lásán ni wọ́n fi ṣe é, èèpo rẹ̀ nìkan ló sì ń ṣókùnkùn níbi tí oòrùn bá kàn án. Òmíràn tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2022, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kóró rẹ̀ fún àwọn ológbà ní 2024, nínú ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti fi èròjà ìran òdòdó mìíràn sínú rẹ̀. Nàìjíríà ní òfin àti àjọ tó ń mójú tó irú ohun bẹ́ẹ̀ láti 2015. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí mọ̀lẹ́bí òun ní òkè òkun fi kóró rẹ̀ sínú àpò wálé, nítorí ẹjọ́ ni yóò fi rà, kì í ṣe èrè.

Kòkòrò, òwú omi òjò àti àrùn tó ń mú igi tòmáàtì rọ lójijì kì í wo àwọ̀ kí wọ́n tó jà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń pè ní NIHORT, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, wà ní Ìdí-Ìṣìn n'Ìbàdàn, iṣẹ́ wọn sì ni láti dá àgbẹ̀ lóhùn. Àwọn tó ń kọ́ nípa ewéko wà ní yunifásítì Àkùngbá, ilé ẹ̀kọ́ gíga Rufus Giwa sì wà ní Ọ̀wọ̀. Ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe é. Ẹgbẹ́ kan ní Ìkàrẹ́ àti òmíràn ní Ọ̀kà lè dáwó ra ẹ̀rọ Brix kan ṣoṣo, kí wọ́n pín àwọ̀ mẹ́rin láàárín ara wọn, kí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ wọn wéra lẹ́yìn ìkórè. Ilẹ̀ Ọ̀kà tó wà lórí òkè àti ilẹ̀ Ìkàrẹ́ lè má sọ ohun kan náà, ìyẹn náà sì jẹ́ ìmọ̀ tó tówó.

Ẹni tó ń tà á lórí àtẹ ní iṣẹ́ tirẹ̀ náà. Ẹyọ kan péré tí oníbàárà bá tọ́ wò lè pa ẹnu iyàn dé ju wákàtí kan àlàyé lọ. Kí àwo kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, kí èyí tó yẹ́lò àti èyí tó ní àwọ̀ ọsàn wà nínú rẹ̀, ní mímọ́ tónítóní. Kí ọlọ́jà sọ òtítọ́ nípa ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún: èyí fún jíjẹ, èyí fún sàláàdì, pupa ńlá yẹn fún ọbẹ̀. Nígbà tí oníbàárà bá jẹ ẹ́ tán tó sì tún na ọwọ́ sí i, kò ní béèrè mọ́ bóyá ó pọ́n. Ohun tó máa béèrè ni èló.